Ìjì òjò dídì ń bọ̀ lórí òkè, àsọtẹ́lẹ̀ mẹ́ta kò sì bára mu: èwo ni ká gbára lé?

Agunkè (ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ojú ọjọ́ orí òkè. Àwa mẹ́rin la fẹ́ gun òkè kan tí ṣóńṣó rẹ̀ ga tó 2,900 mítà lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí. Ilé ìsinmi tí a ó ti gbéra wà ní 1,600 mítà, ètò wa sì ni pé ká kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ká dé orí òkè ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ká sì ti padà délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìjì òjò dídì kan tó ń bọ̀. Gbogbo ibi tí mo wò ló gbà pé ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fẹnu kò lórí bí yóò ṣe pọ̀ tó àti ìgbà tí yóò dé. Áàpù kan ní sẹ̀ǹtímítà 15 ni yóò já bọ́, àti pé láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì ní 35 ni, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ títí di alẹ́. Ẹ̀kẹta ní 60, ó sì fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, 25 péré ni ẹ̀kẹta yìí kan náà sọ lánàá.

Kí ló fa irú ìyàtọ̀ báyìí nígbà tó jẹ́ pé ìjì kan náà ni gbogbo wọn ń wò? Ṣé kí n mú èyí tó wà láàárín ni? Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ sọ pé ká gbé fóònù sílẹ̀, pé ẹni tó bá mọ ojú ọ̀run wò kò nílò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

Olùṣọ́ Ìkùukùu

Ẹ má mú èyí tó wà láàárín. Ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kan náà rárá. Kí ẹ tó fi wọ́n wéra, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n kọ gíga sí, kí ẹ mọ̀ bóyá ṣóńṣó òkè ni wọ́n ń sọ tàbí abúlé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ áàpù ló máa ń mú àsọtẹ́lẹ̀ ìlú tó sún mọ́ òkè jù lọ, tí wọ́n á sì fi orúkọ òkè pè é.

Àwòṣe kọ̀ǹpútà ló wà nídìí gbogbo wọn. Àwòṣe yìí jẹ́ ìṣirò ńlá kan tó pín afẹ́fẹ́ ayé sí àpótí àpótí, tó sì ń ṣírò bí ooru, ọ̀rinrin àti ẹ̀fúùfù yóò ṣe máa ti inú àpótí kan bọ́ sí èkejì. Àwòṣe àgbáyé ti ECMWF, ilé-iṣẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ní, ń lo àpótí tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9; GFS ti Amẹ́ríkà ń lo èyí tó fẹ̀ tó bíi kìlómítà 13. Ẹ wá ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí òkè yín nínú àpótí oníkìlómítà mẹ́sàn-án. Ṣóńṣó, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti àfonífojì ni wọn yóò pò pọ̀ láti fi mú gíga kan ṣoṣo jáde, òkè tó ga ní 2,900 mítà sì lè tipa bẹ́ẹ̀ di ilẹ̀ tó rọra ga sókè ní 2,000 mítà. Òkè tí àwòṣe náà ń rọ̀jò lé lórí kì í ṣe òkè tí ẹ fẹ́ gùn.

Àwọn àwòṣe mìíràn wà tí ojú wọn mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. AROME ilẹ̀ Faransé ń lo kìlómítà 1.3, HRRR ti Amẹ́ríkà ń lo kìlómítà 3, wákàtí wákàtí ni ó sì ń tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Àléébù wọn ni pé wọn kì í wo ọ̀nà jíjìn, nítorí ọjọ́ méjì tàbí díẹ̀ lé ni òpin ìríran wọn. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè sọ ohunkóhun fún yín lónìí nípa alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n bó bá di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Àwọn àwòṣe tó ń lo ọpọlọ àtọwọ́dá náà ti dé. ECMWF bẹ̀rẹ̀ sí lo tirẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AIFS, fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2025, ó sì mọ ọ̀nà tí ìjì ńlá yóò gbà dáadáa. Ṣùgbọ́n àpótí tirẹ̀ fẹ̀ tó bíi kìlómítà 28, nítorí náà èmi kì í bi í léèrè ohun tó kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan ṣoṣo.

Ní ti fífò tí ẹ̀kẹta fò láti 25 sí 60 láàárín ọjọ́ kan, kò yà mí lẹ́nu. Ní ọdún 1961, Edward Lorenz, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, fẹ́ tún ìṣirò kan ṣe lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì tẹ 0.506 síbi tí ó yẹ kó tẹ 0.506127. Kò pẹ́ tí ìṣirò náà bẹ̀rẹ̀ tí ojú ọjọ́ tó ń gbé jáde fi yà pátápátá kúrò lójú ọ̀nà ti àkọ́kọ́. Ó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1963, láti ìgbà náà ni ó sì ti hàn kedere pé àṣìṣe tíńtín níbẹ̀rẹ̀ lè di ńlá lópin. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé wọn kì í gbára lé ìṣirò ẹyọ kan mọ́. ECMWF ń ṣe ìṣirò kan náà lọ́nà 51, tí wọ́n sì ń yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pa dà díẹ̀ lọ́nà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá àwòrán tó to gbogbo wọn sójú kan fún agbègbè yín. Bí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn bá ní ìjì yóò dé kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bùṣe. Bí wọ́n bá tú ká yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ìdáhùn nìyẹn náà: kò tíì sí ẹni tó lè mọ̀ lónìí, áàpù tó sì kọ nọ́ńbà kan gbàgàdà síwájú yín kàn fi iyèméjì náà pa mọ́ fún yín ni.

Ọmọ Àfonífojì

Olùṣọ́ Ìkùukùu ti sọ ti kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òkè fúnra rẹ̀, nítorí bí àwòṣe bá tilẹ̀ mọ ìjì náà bí ẹni mowó, òkè ni yóò pinnu ibi tí òjò dídì yóò já bọ́ sí.

Bí afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin bá kọ lu òkè, ó di dandan kó gòkè. Bó ṣe ń gòkè ló ń fẹ̀, bó sì ṣe ń fẹ̀ ló ń tutù. Afẹ́fẹ́ tí kò ní ìkùukùu nínú ń pàdánù nǹkan bíi 10°C ní gbogbo kìlómítà kan tó bá gùn. Èyí tí ìkùukùu ti dì nínú rẹ̀ ń pàdánù bíi 5 sí 6, nítorí ọ̀rinrin tó ń di omi máa ń dá ooru díẹ̀ pa dà sínú rẹ̀. Ọ̀rinrin yìí ló ń já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ dojú kọ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ náà yóò bá fi sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òkè, ó ti gbẹ, ó sì ti ń móoru: òun ni wọ́n ń pè ní Föhn ní àwọn òkè Alps, òun náà ni Chinook ní ìlà-oòrùn àwọn òkè Rocky. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí èmi máa ń béèrè ni pé láti ibo ni afẹ́fẹ́ yóò ti wá. Ẹ má wo afẹ́fẹ́ tó wà nílẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ wo ti ìpele 700 hPa (hPa ni wọ́n fi ń díwọ̀n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́), èyí tó sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 3,000 mítà, nítorí òun ló sún mọ́ ṣóńṣó òkè yín jù lọ. Bí ipa ọ̀nà ìjì bá yẹ̀ díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ sì yí, ẹ̀gbẹ́ òkè tó yẹ kó gba díẹ̀ lè gba púpọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀rinrin inú ìjì náà lé sí i rárá.

Ohun kejì ni pé omi ni àwòṣe ń ṣírò ná. Áàpù ló sábà ń sọ omi náà di òjò dídì fún yín, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyàtọ̀ ti máa ń wọlé. Ká sọ pé omi tí yóò bọ́ tó mílímítà 30. Òfin àtijọ́ ni pé mílímítà omi kan di sẹ̀ǹtímítà òjò dídì kan, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 30. Ṣùgbọ́n bí òjò dídì náà bá rin gbingbin, ìdajì rẹ̀ ni, ìyẹn 15. Bí ó bá fúyẹ́ bí òwú, ìlọ́po méjì ni, ìyẹn 60. Ẹ rí i pé a ti kó nọ́ńbà àkọ́kọ́ yín àti ti ìkẹyìn jọ láti inú omi kan náà? Èyí tó máa ń fúyẹ́ jù lọ ni èyí tó ń dì nínú ìkùukùu tí òtútù rẹ̀ wà láàárín -12°C sí -18°C, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ka ara rẹ̀ ti ń yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí afẹ́fẹ́ sì ń ráyè dúró sáàárín wọn. Èmi á ní kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ iye omi, kí ẹ fi ìyẹn wéra.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé 60 pọ̀ jù láti jẹ́ òótọ́. Ní Silver Lake, Colorado, sẹ̀ǹtímítà 193 ló já bọ́ láàárín wákàtí 24 ní oṣù Kẹrin ọdún 1921.

Ẹ tún béèrè gíga tí ìwọ̀n ooru ti jẹ́ 0°C. Òjò dídì sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ tó 200 tàbí 300 mítà nísàlẹ̀ ibẹ̀ kó tó yọ́ di òjò lásán. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan, yíyọ́ tó ń yọ́ yẹn ń gba ooru kúrò lára afẹ́fẹ́, ààlà náà á sì máa wálẹ̀. Nínú àfonífojì tóóró tí afẹ́fẹ́ mìíràn kò ti ráyè wọlé, ó lè wálẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tó fi òjò sílẹ̀ níbi tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí lè padà bá òjò dídì níbẹ̀.

Bàbá Bàrómítà

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín tó ní kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ni mo fẹ́ fèsì sí. Kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òtítọ́ tán.

Ojú ọ̀run máa ń ṣe àmì. Kí irú ìjì báyìí tó dé, ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ lókè réré, ó lè jẹ́ ọjọ́ kan gbáko ṣáájú. Yóò wá tẹ́ bo ojú ọ̀run, òrùka ìmọ́lẹ̀ yóò yí òòrùn tàbí òṣùpá ká, lẹ́yìn náà yóò nípọn, yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi gbé ṣóńṣó òkè mì. Bí ẹ bá rí ìkùukùu pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ dán, tó dúró sójú kan lókè tàbí lẹ́yìn òkè láìṣípò, ẹ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ líle ń bẹ lókè níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé kankan kò mì lọ́dọ̀ yín.

Aago ọwọ́ tó ń díwọ̀n gíga tún sàn jù ojú lásán lọ, nítorí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Ẹ sùn ní 1,600 mítà, ẹ jí láàárọ̀, aago ní 1,630 ni ẹ wà. Ilé ìsinmi kò kúrò níbi tó wà. Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ló ti lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi 3 hPa. Bí ó bá ń gorí bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí sí wákàtí, ẹ má gbéra.

Àmọ́ àmì ojú ọ̀run kì í fúnni láyè púpọ̀. Òkè tó wà lápá ibi tí ìjì ti ń bọ̀ lè dí i mọ́ yín lójú títí yóò fi dé orí yín, àwọn ìjì kan sì wà tí kì í rán ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣáájú. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Annapurna nílẹ̀ Nepal ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014. Ìjì Hudhud ti Ìyawọlẹ̀ Omi Bengal kọ lu etíkun India nítòsí Visakhapatnam ní ọjọ́ 12 oṣù náà. Ìyókù rẹ̀ rìn wọ inú àwọn òkè Himalaya, ó sì di ìjì òjò dídì ní ọjọ́ 14 lórí àwọn tó ń kọjá Thorong La, ọ̀nà kan tó gba àárín òkè kọjá ní gíga 5,416 mítà. Ó lé ní ogójì ènìyàn tó kú ní agbègbè náà. Oṣù Kẹwàá ni ìgbà tí ojú ọjọ́ sábà máa ń dára jù níbẹ̀, ẹni tó sì ń wo ojú ọ̀run nìkan kò lè mọ̀ pé ìjì ń ti orí òkun bọ̀. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì ti ń wò ó láti ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣáájú.

Ohun kan tí mo fi yàtọ̀ sí ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ni pé èmi kì í fi àwòrán àwòṣe dá ara mi láàmú púpọ̀. Ọ̀rọ̀ tí onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni mo ń kà, èyí tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ohun tó dá wọn lójú àti ohun tí kò dá wọn lójú. Ilé ìwòye tó wà lórí Òkè Washington ní New Hampshire ń kọ irú rẹ̀ fún àwọn ṣóńṣó òkè agbègbè wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti wọn ẹ̀fúùfù tó sáré ní kìlómítà 372 ní wákàtí kan ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 1934, òkè náà kò sì ga ju 1,917 mítà lọ. Gíga òkè nìkan kọ́ ni ká máa bẹ̀rù.

Agunkè (Ọjọ́bọ̀)

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti lọ wò ó dáadáa. Nọ́ńbà 15 yẹn, abúlé tó wà ní 900 mítà ni wọ́n ń sọ. 35 jẹ́ ti 2,500 mítà. Mi ò rí ibi tí ẹ̀kẹta kọ gíga sí, nítorí náà mo ti pa á tì. Nínú ìṣirò 51, bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló gbà pé òjò dídì yóò bẹ̀rẹ̀ láàárín aago mẹ́ta ọ̀sán sí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Afẹ́fẹ́ yóò máa ti àríwá ìwọ̀-oòrùn wá, yóò sì ti máa sáré ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan ní ìpele 700 hPa láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọ̀nà wa gba gúúsù ìlà-oòrùn òkè. Ṣé kò ti yanjú báyìí? Ẹ̀yìn òkè la máa wà, a ó sì ti máa sọ̀ kalẹ̀ kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀. Ooru ilé ìsinmi yóò tó 2°C.

Ọmọ Àfonífojì

Kò tíì yanjú. Ẹ fi 6.5°C yọ ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan láti ilé ìsinmi dé òkè, ẹ ó rí i pé ṣóńṣó yóò wà ní nǹkan bíi -6°C. Bí afẹ́fẹ́ kìlómítà 60 bá ń fẹ́ lu ojú tí a kò bò, ohun tí awọ ara yóò mọ̀ lára tó -17°C. Ẹni tó bá múra lè fara da ìyẹn, n kò sọ pé kò ṣeé ṣe.

Ẹ̀yìn òkè tí ẹ pè ní ààbò yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Bí òjò dídì tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá ṣì fúyẹ́, afẹ́fẹ́ líle láti àríwá ìwọ̀-oòrùn yóò gbá a kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, yóò sì kó o dà sí gúúsù ìlà-oòrùn, ní ojú ọ̀nà yín gan-an. Láti aago mẹ́wàá ni ìyẹn lè ti bẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹyọ kan tuntun já bọ́ láti ọ̀run. Yóò di ìpele líle kan tó gorí èyí tó rọ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn kan sì tó láti já a kí gbogbo rẹ̀ ya lulẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dà láàárín 30 sí 45 díìgírì ni èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù lọ. Ẹ wọn ti ọ̀nà yín lórí máàpù.

Nípa ti àkókò, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí ẹ sọ kò kàn mí tó ìdá kan tó ṣẹ́ kù. Mélòó nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀ ṣáájú aago mẹ́ta? Èyí tó tètè dé jù lọ ni kí ẹ fi ṣètò, kì í ṣe èyí tí púpọ̀ gbà.

Agunkè

Mẹ́fà ni wọ́n, èyí tó tètè jù bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sán gangan. Mo sì ti wọn ọ̀nà náà: láti 2,300 mítà lọ sókè, ó tó 35 díìgírì níbi púpọ̀. Bí a bá sún un sí ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Gbogbo wọn ló gbà pé ojú ọ̀run yóò mọ́ kedere.

Olùṣọ́ Ìkùukùu

Mẹ́fà nínú 51 ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ọ̀sán gangan sì ni ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olójú 35 díìgírì yẹn. Ní tèmi, n kò ní lọ ju 2,300 mítà lọ lọ́jọ́ Ẹtì, n ó sì kọjú sílé kí aago mẹ́wàá tó lù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ojú ọ̀run ọjọ́ Àìkú tàn yín. Oòrùn á ràn, àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ á dára, ṣùgbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ yàtọ̀ sí ìkìlọ̀ nípa òjò dídì tó ń ya lulẹ̀. Bí sẹ̀ǹtímítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá bọ́ láàárín ọjọ́ kan, tí afẹ́fẹ́ sì gbá a kiri, ọjọ́ kìíní lẹ́yìn ìjì wà lára àwọn ọjọ́ tó léwu jù lọ. Ní ọ̀pọ̀ agbègbè olókè, àjọ kan wà tó ń gbé ìkìlọ̀ náà jáde lórí òṣùwọ̀n onípele márùn-ún. Ipele 3 ló ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí kò ga tó láti lé wọn padà sílé, bẹ́ẹ̀ ni kò kéré tó láti má lè pa wọ́n. Nínú ìkìlọ̀ náà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹ̀gbẹ́ òkè àti gíga. Bí wọ́n bá kọ gúúsù ìlà-oòrùn, láti 2,200 mítà lọ sókè, ọ̀nà yín ni wọ́n ń sọ yẹn. Ẹ dúró títí wọn yóò fi yọ ọ́ kúrò.

Bàbá Bàrómítà

Mo fara mọ́ ọn. Ọ̀kan ni mo fi kún un: lọ́jọ́ Ẹtì, kí ẹ tó kúrò ní ilé ìsinmi, ẹ tún aago tó ń díwọ̀n gíga tò sí 1,600 gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá dé ibi tí máàpù kọ gíga rẹ̀ sí, tí aago sì fi ogún mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju máàpù lọ, ìjì ti yára ju bí wọ́n ṣe sọ lọ, ẹ yí padà níbẹ̀.